Etí Jìtá Tíṣà Adélaní

Orúkọ tí mo máa pè é kọ́ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan yòókù rí bó ṣe rí. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Ó jókòó, ó kọ omi tí mo gbé fún un, ó ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́, kí ẹ má sì bò ó. Bí ẹ bá bò ó, mo tún ti purọ́ nìyẹn."

Mo ní ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ̀wé sí mi pé mo máa ń fi ojú àánú wo àwọn tó ṣe ibi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ti òní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká pè é ní Silas Oríọlá. Jìtá ló ń tún ṣe ní Ìsìkàn, l'Ákùúrẹ́ níbí. Òun àti Ràhímù ni wọ́n jọ háyà ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ràhímù, rédíò àti áńpù lòun ń tún ṣe ní tirẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jọ lo mítà kan náà àti áyọ́ọ̀nù kan náà tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì.

Bí wọ́n bá ti pe ìrun, Ràhímù á dìde, á fi àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí gbayawu, á ní, "Silas, bá mi mójú tó o." Kò ti àpótí náà rí. Ta ló fẹ́ tì í mọ́?

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: alòsì ni Silas. Nígbà tó wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ fi àkísà di ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀tún jẹun. Ní ilé ìwé girama l'Óǹdó, tíṣà kan máa ń fi pàṣán lù ú lórí ìka, pé ọmọ tó ń fi òsì na ìwé sí àgbà kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ẹni tó gbà á sílẹ̀ ni Tíṣà Adélaní, tó ń kọ́ wọn ní físíìsì. Ojú gbogbo kíláàsì ló ti sọ fún tíṣà kejì pé, "Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀. Iná mànàmáná ò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún." Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún na ọwọ́ Silas. Tíṣà yìí náà ló kọ́kọ́ fi mítà sí i lọ́wọ́, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ohun tí Silas ń jẹ lónìí, abẹ́ ọwọ́ Tíṣà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà Adélaní ní jìtá kan. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń padà sílé ló tà á fún un láyé àtijọ́. Jìtá yìí ló ń gbé lọ sí láàbù láti fi kọ́ àwọn ọmọ, òun náà ló ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn ní ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Tíṣà ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ó gbé jìtá náà ránṣẹ́ sí Silas láti Oǹdó.

"Ohùn rẹ̀ ń já lójijì," ó wí lórí fóònù. "Bóyá ojú ihò tí a ń ki wáyà áńpù bọ̀ ló ti jẹrà. Ìyẹn nìkan ni kí o tún ṣe. Má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ nípa jìtá oníná, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí Silas ṣe là á yé mi. Lábẹ́ okùn jìtá, nǹkan pẹlẹbẹ kan wà tó ń gbọ́ ohùn okùn, tó sì ń gbé e lọ sínú áńpù. Píkọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é. Ní ṣọ́ọ̀bù Silas, etí ni wọ́n ń pè é. Òòfà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n wá wé wáyà bàbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ mọ́ òòfà náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí o bá fi mítà kàn án, mítà á sọ nọ́ńbà fún ọ, nọ́ńbà náà á sì jẹ́ kí o mọ bí wáyà tó wà níbẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Etí méjì ni jìtá Tíṣà ní. Ọ̀kan wà nítòsí ọrùn, ọ̀kan wà nítòsí ìdí. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni Silas tú ìdérí rẹ̀. Kò yẹ kó tú u, ibi tí wọ́n rán an kọ́ nìyẹn. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni.

Ó fi mítà kàn án. Ti ọrùn sọ pé 5.8. Ti ìdí sọ pé 6.1.

Nọ́ńbà ò tó láti fi dá etí mọ̀, nítorí ayédèrú náà lè sọ 5.8. Ojú ni wọ́n fi ń parí iṣẹ́ náà. Silas yí i padà. Pátákó abẹ́ rẹ̀ rí bíi páálí àtijọ́. Wáyà tó jáde láti inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi òwú bò, tí wọn ò ṣe mọ́. Orí òòfà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò dọ́gba, èyí ga, èyí rẹlẹ̀. Ẹnì kan sì ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: oṣù kẹta, ọdún 1964.

Etí àtijọ́ gidi ni, irú tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń fi owó ńlá wá kiri. Ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun.

Ó ní ilé kan tó ń kọ́ sí Ìpógùn. Ọdún kẹrin rèé tí ilé náà ti dúró láìní òrùlé, tí koríko ń hù nínú yàrá. Ìyá àgbà kan tó ń gbé lódìkejì ti sọ ọ́ lórúkọ: "ulé aláìlórí." Bó bá rí Silas, á ní, "Ulé aláìlórí ńkọ́?" Silas á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé ọ̀fun.

Ó ya fọ́tò etí méjèèjì, ó fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù sí ọkùnrin kan l'Ékòó tó máa ń ra ohun èlò orin àtijọ́. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ iye tó tó ni. Ẹ ò rí i pé "mo kàn fẹ́" ti di méjì báyìí?

Kò tíì mu omi tán tí èsì fi dé. "Bros, no show anybody again. Thursday I go reach Akure." Ọkùnrin náà wá kọ iye tó máa san sí abẹ́ rẹ̀. Owó páànù ilé Ìpógùn ni, pátápátá, pẹ̀lú owó káfíńtà.

Ọjọ́ méjì gbáko ni Silas fi bá ara rẹ̀ jiyàn. Orin ìsìn nìkan kúkú ni Tíṣà ń fi jìtá náà kọ. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, báwo ló ṣe máa mọ̀? Ó tún ronú pé Tíṣà ti dàgbà, ọdún mélòó ló kù fún un láyé? Mo dá kálàmù dúró níbẹ̀, mo bi í pé ṣé ó dá a lójú pé kí n kọ ìyẹn. Ó wo ilẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́.

Páálí kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ tó kún fún etí àwọn ará Ṣáínà, àwọn olówó pọ́ọ́kú. Ó ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí ọ̀kan tó sọ 5.8, ó sì tún wá títí ó fi rí èyí tó sọ 6.1. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tó rí nọ́ńbà náà. Ó ní nọ́ńbà kan náà ni, ta ló máa mọ̀?

Ó dúró di ìgbà tí Ràhímù lọ kírun ọ̀sán. "Silas, bá mi mójú tó o," ni Ràhímù wí bó ṣe máa ń wí, ó sì jáde. Silas mú áyọ́ọ̀nù, ó jó etí Tíṣà kúrò, ó fi ti Ṣáínà sí i, ó wá fi ìdérí àtijọ́ tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ dé e lórí. Bí ẹ bá wò ó lókè, ẹ ò lè mọ ìyàtọ̀.

Ràhímù wọlé. "Kí ló dé tí o ń làágùn báyìí?"

"Ooru ni," ni Silas wí.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ọkùnrin Èkó wá, ó fi awò wo abẹ́ etí méjèèjì, ó mi orí, ó sanwó, ó lọ. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó wá ku bí jìtá á ṣe dé Oǹdó. Silas ò lè gbé e lọ. Ó ní òun ò lè wo ojú Tíṣà, bàìbàì tí ojú náà ṣe bàìbàì. Ràhímù sì ń lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé láti lọ tún áńpù kan ṣe.

"Ṣé wàá bá mi gbé e fún Tíṣà?"

"Kí ló le níbẹ̀?" Ràhímù gbé jìtá náà lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó sì gbé e lọ sí Oǹdó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Silas búra fún mi pé kò tíì sí ohun kan lọ́kàn òun lọ́jọ́ náà, pé iṣẹ́ lásán ni òun rán an. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu bóyá ẹ gbà á gbọ́. Èmi ò tíì pinnu.

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìpógùn lọ́jọ́ Ajé. Bí wọ́n ṣe ń kan páànù kejì ni fóònù dún.

"Silas," ni Tíṣà Adélaní wí, "kí ló ṣe jìtá mi?"

"Kí ló ṣe é, sà? Ṣé ó tún ń já ni?"

"Kò já. Ó ń dún dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń dún. Ta ló tún fọwọ́ kàn án lẹ́yìn rẹ?"

Òòlù káfíńtà ń lọ kọ̀ǹ, kọ̀ǹ, kọ̀ǹ lókè orí Silas. Ó lè sọ òtítọ́ níbẹ̀. Etí náà ṣì wà l'Ékòó, owó rẹ̀ kò tíì tán, Tíṣà á bínú, á sì dárí jì í. Ó ní òun la ẹnu láti sọ ọ́.

"Ràhímù ló gbé e wá, sà," ó wí. "Ilé rẹ̀ ni jìtá náà sùn."

Gbólóhùn méjì péré nìyẹn. Kò pe Ràhímù ní olè. Ibi tí jìtá sùn nìkan ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó.

Tíṣà kàn ní, "Ó dáa." Ohun tí Silas ò mọ̀ ni pé orí sípíkà ni fóònù Tíṣà wà nítorí ojú rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì tó jẹ́ wọ́dìn ìjọ wọn sì jókòó tì í. Àna Oyèníyì ń ránṣọ l'Ọ́jà Ọba l'Ákùúrẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láàárín àwọn aránṣọ.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnì kan wá mú rédíò rẹ̀ lọ lọ́wọ́ Ràhímù láìtíì ṣe é. Ẹlòmíràn ní òun á dúró ti áńpù òun títí Ràhímù á fi ṣe é tán, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ràhímù fi ṣe ẹ̀rín. Nígbà tó wá di ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí tí Ràhímù ti ń bá tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe láti ọdún pípẹ́ ránṣẹ́ pé kó dá kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ padà. Wọn ò sọ ìdí. Ràhímù jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

"Silas," ó wí, "wọ́n ní mo jí nǹkan lára jìtá Tíṣà rẹ. Èmi! Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó wà nínú jìtá."

"Má dá wọn lóhùn," ni Silas wí. "Ọ̀rọ̀ ayé ni."

Àṣàkẹ́ ìyàwó Ràhímù wá sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Òwú àti bọ́tìnnì ló ń tà fún àwọn aránṣọ l'Ọ́jà Ọba, ibẹ̀ gan-an ló ti ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín èérún lẹ́ẹ̀dì.

"Bọ̀dá Silas, ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ yín ni Tíṣà máa gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ pé Ràhímù kì í ṣe olè. Àwọn ọmọ mi ti ń gbọ́ ọ nílé kéwú."

"Ẹ dìde, ìyàwó wa. Mo máa bá wọn sọ̀rọ̀."

Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ń lọ sí Ìpógùn, ó ń wo òrùlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò dé bá a nínú ilé náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òjò rọ̀ tí omi ò bá a nínú yàrá. Ó ní ariwo òjò lórí páànù náà pọ̀ débi pé òun sá jáde, òun sì dúró sínú òjò títí ó fi dá. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Silas ti rí òrùlé, iná sì ti wà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Ràhímù sọ ohun tó ba Silas lẹ́rù jù lọ.

"Mo fẹ́ lọ búra l'Óǹdó. Kùránì ni mo máa gbé dání. Tẹ̀lé mi, kí ìwọ náà gbé Bíbélì tìrẹ, ká jọ búra pé a ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ á parí."

Silas ki ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ àpò ṣòkòtò.

Ràhímù ti pe Tíṣà kó tó sọ fún un. Tíṣà sì pe Silas ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Kò sẹ́ni tó máa búra nínú ilé mi," ó wí. "Àmọ́ kí ẹ̀yin méjèèjì wá ní Sátidé. Silas, mú mítà rẹ dání."

"Mítà, sà?"

"Mítà."

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wọ takisí lọ sí Oǹdó, nítorí Àṣàkẹ́ ní òun ò ní í jókòó sílé. Nígbà tí ọkọ̀ dúró l'Ọ́wẹ̀nà, Ràhímù ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà láti ojú wíńdò, ó sì na ìdajì rẹ̀ sí Silas. Silas gbà á. Ó jẹ ẹ́. Ó ní kò sí bí òun ṣe lè kọ̀ ọ́ tí wọn ò ní í bi òun pé kí ló dé.

Jìtá náà wà lórí tábìlì ní pálọ̀ Tíṣà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kọ́ńpáàsì kékeré kan wà, sukurudiráfà, àti ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Tíṣà ní kí wọ́n jókòó. Ó kí Ràhímù, ó kí Àṣàkẹ́, ó bèèrè àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà, ó ti ìwé náà sọ́dọ̀ Silas.

"Lọ́dọọdún tí mo fi jẹ́ tíṣà, mo máa ń ní kí ọmọ kan nínú kíláàsì wọn jìtá yìí, kó sì kọ ohun tó rí. Ojú mi ò gbé e mọ́. Ka ti ọdún 1998 fún mi."

Silas ṣí i. Nígbà tó rí ojú ìwé náà, ó ní bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí òun lẹ́yìn. Ó ti gbàgbé. Ó ti gbàgbé ọjọ́ náà pátápátá.

"Etí ọrùn, 5.8," ó kà á. "Etí ìdí, 6.1. Òòfà méjèèjì, àríwá kọjú sókè."

"Ọwọ́ ta nìyẹn?"

Lẹ́tà náà dà sí apá òsì bí ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ koríko. "Ọwọ́ mi ni, sà."

"Ó dáa. Wọ̀n ọ́n."

Ó wọ̀n ọ́n. 5.8. 6.1. Ó mí kanlẹ̀. "Ó bára mu, sà! Bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà náà ló ṣì rí."

"Mo gbọ́," ni Tíṣà wí. Ó mú kọ́ńpáàsì, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí ọrùn. "Bí àríwá òòfà bá kọjú sókè, ìrù funfun abẹ́rẹ́ yìí ló yẹ kó yí wá síbẹ̀. Àṣàkẹ́, ọmọ mi, bá mi wò ó. Èwo ló yí wá?"

Àṣàkẹ́ tẹ̀ síwájú. "Orí pupa ni, Bàbá."

"Gbé e sí èkejì."

"Pupa náà ni."

Silas yára sọ̀rọ̀. "Ó ti pẹ́, sà. Bóyá bí òòfà náà ṣe ń gbó, ó ti yí padà."

"Òòfà lè rẹ̀, Silas. Kì í yí ojú padà fúnra rẹ̀. Mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní láàbù, lọ́jọ́ tí o kọ ìwé yìí." Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ìyẹn ló dẹ́rù ba Silas jù. "Etí mi kọ́ ló wà níbí. Ó ku ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀."

Ràhímù dìde fùú. "Bàbá, mo ṣetán láti búra!"

"Jókòó, ọmọ mi. Mo ní kò sẹ́ni tó máa búra." Tíṣà fi sukurudiráfà tú ojú jìtá, ó sì ki ìka bọ inú rẹ̀. Ó ń fọwọ́ tẹ ojú ibi tí wọ́n jó lẹ́ẹ̀dì sí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ ìrẹsì wò fún òkúta. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ìka jáde, ó mú wáyà kúkúrú méjì àti ìṣó méjì láti inú àpò, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé iwájú àwọn ọkùnrin méjèèjì.

"Ẹ wé wáyà yìí mọ́ ìṣó bí ẹni tó fẹ́ jó o ní lẹ́ẹ̀dì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ràhímù mú tirẹ̀, ó wé e kíá, ó gbé e kalẹ̀.

Silas wo wáyà náà. Ó ti yé e. Ẹni tó ń fi ọ̀tún ṣiṣẹ́ á wé wáyà sí apá ọ̀tún, alòsì á wé e sí apá òsì, Tíṣà tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ sì ti fọwọ́ kan ibi tó wé wáyà sí nínú jìtá. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó mú wáyà. Ó gbìyànjú láti wé e. Ó bọ́. Ó tún mú un. Ìka ọ̀tún rẹ̀ le gan-gan bí igi. Wáyà náà tún bọ́, ó jábọ́ sílẹ̀.

Ràhímù ń wo ọwọ́ ọ̀tún Silas bí ẹni tí kò rí i rí. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kan náà.

"Silas Oríọlá," ni Tíṣà pè é, bó ṣe máa ń pè é ní kíláàsì. "Láti ìgbà wo lo ti ń fi ọ̀tún ṣiṣẹ́?"

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Silas dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èmi ni, sà. Èmi ni mo yọ ọ́, mo wá èyí tó bá nọ́ńbà rẹ̀ mu nínú páálí mi fi dípò. Mo ti tà á. Ràhímù ò mọ nǹkan kan níbẹ̀."

Àṣàkẹ́ ló sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà ló máa ń fi "ẹ" kí Silas, ó máa ń pè é ní bọ̀dá. Lọ́jọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí ojú rẹ̀.

"O jẹ ẹ̀pà ọkọ mi lónìí," ó wí. "Lónìí yìí, nínú mọ́tò, o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, o jẹ ẹ́."

Silas ní nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ sí òun, ìyẹn ni kò kúrò létí òun.

"Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé," ni Tíṣà wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí wọ́n má na ọwọ́ yẹn. Kí ni mo fẹ́ ṣe é báyìí?" Ó nu ojú rẹ̀. "Dìde. Mú kálàmù. Lábẹ́ ibi tí o kọ ní 1998, kọ ohun tí o rí lónìí, kí o sì kọ ẹni tó ṣe é. Ọwọ́ tó yọ ọ́ ni kí o fi kọ ọ́."

Ó fi òsì kọ ọ́. Tíṣà ní kí Ràhímù kà á sókè. Ràhímù kà á, ohùn rẹ̀ ń já.

"Ti jìtá rọrùn," ni Tíṣà wí. "Èmi ti dàgbà, orin tó kù lẹ́nu mi ò pọ̀. Orúkọ ọkùnrin yìí tí o bà jẹ́ ńkọ́? Páálí wo lo ti fẹ́ wọ̀n ọ́n títí wàá fi rí èyí tó bá a mu?"

Silas lọ bá Oyèníyì wọ́dìn. Ó lọ bá àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní wọn, ó jẹ́wọ́. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan l'Ọ́jà Ọba, Àṣàkẹ́ ń wò ó láti ìdí òwú rẹ̀. Àwọn kan gbọ́. Àwọn kan ní Ràhímù ló rán an, pé bóyá ó ti fi nǹkan dí i lẹ́nu. Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ padà fún Ràhímù, ṣùgbọ́n Músá tó ń pe ìrun ló ń ṣí i fún un báyìí, òun náà ló sì ń dúró tì í. Ní ti ọkùnrin Èkó, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Tíṣà ṣì ń fi etí Ṣáínà kọrin ní ọjọ́ ìsinmi. Silas ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun wá èyí tó dára fún un. Tíṣà ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo bi í pé ilé Ìpógùn ńkọ́? Ó ní ó ti ní òrùlé. Òun ò gbé inú rẹ̀.

Mo tún bi í pé ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi rí kọ́. Mo rò pé á fa òwe yọ, bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ Ràhímù ló sọ fún mi dípò bẹ́ẹ̀.

Ràhímù ò kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní òun ti dárí jì í nítorí Ọlọ́run. Wọ́n ṣì jọ ń lo mítà kan náà, ó sì máa ń kí i láràárọ̀, á bèèrè bó ṣe sùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pe ìrun ọ̀sán, á dìde, á kó sukurudiráfà rẹ̀ àti pílíà rẹ̀ sínú àpótí, á pa á dé, á fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Kì í sọ pé kí Silas bá òun mójú tó nǹkan kan. Àpótí irin ni, ó wúwo, kò sì sẹ́ni tó máa ń gbé irú rẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ràhímù á gbé e lé èjìká, á sì gbé e lọ. Silas á máa gbọ́ bí irin inú rẹ̀ ṣe ń dún gbàgàgbàgà títí Ràhímù á fi sọdá títì.